Ilà Ojú Àrìmíyàù

Ganiatou tún fi atọ́ka fa bọ́tìnì kékeré náà sí apá ọ̀tún, yanrìn tó ń mì lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ nínú fídíò sì pòórá. Ó fà á díẹ̀ sí i. Àwọn ìhunjọ abẹ́ ojú lọ, òógùn iwájú orí lọ, ojú bàbá wá ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu gíláàsì kọ̀ǹpútà, ó sún mọ́ ọn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Réduction du bruit ni wọ́n kọ síbi tó fọwọ́ kàn yẹn, ìyẹn ni pé kí a dín ariwo kù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i ní ilé iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ti Jean-Marc, ọ̀gá rẹ̀, ó béèrè pé irú ariwo wo ló ń bẹ nínú àwòrán. Jean-Marc ní àwọn èérún tó máa ń rá bàbà nínú àwòrán nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yàrá kò bá tó ni, pé ariwo tí ojú ń gbọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó tí Ganiatou kò tíì fọ ojú rẹ̀ mọ́ ní Treichville, àdúgbò wọn ní Abidjan, kò pọ̀ mọ́. Àwọn ìyàwó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ìyá ìyàwó fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n fídíò tòní kì í ṣe ti ìyàwó. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń lọ. Ibẹ̀ ni ìyá tó bí bàbá rẹ̀ wà, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì fojú kan ọmọ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin. Lọ́dún tó kọjá ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí Àrìmíyàù ọmọ òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò ní òun fẹ́ aṣọ, kò ní òun fẹ́ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti ba Ganiatou lẹ́rù, nítorí ikú ló rò pé ìyá náà ń sọ. Ọ̀la láàárọ̀ ni Tàǹtí Salimatou, obìnrin oníṣòwò tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀ láàrin Abidjan àti Ògbómọ̀ṣọ́, yóò wọkọ̀. Àwo DVD náà gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì rẹ̀.

Ìtàn bí Àrìmíyàù ṣe dé Abidjan, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú agbo ilé wọn. Ghana ló ti ń ta aṣọ nígbà èwe rẹ̀, kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọrí sí ìlà-oòrùn, wọ́n ń lọ sílé. Òun wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí i pé òfo ni, ó sì kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ ní nǹkan lọ́wọ́ ná. Nígbà tó wá ní nǹkan lọ́wọ́, tó ní ìsọ̀ nínú ọjà ńlá Treichville, ìtìjú pé ó pẹ́ jù ti gba ipò ìtìjú pé kò ní. Bó ṣe ń múra pé ó yá, ogun pín orílẹ̀-èdè sí méjì. Nígbà tí ọwọ́ ogun rọlẹ̀ díẹ̀, itan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọdún 2006 sì bá a tí kò lè jókòó sínú ọkọ̀ kọjá Grand-Bassam tó wà nítòsí kó má máa kérora. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ pa òwe yẹn fún Àrìmíyàù, yóò ní ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò gbé ìdálẹ̀ pẹ́ tó.

Ganiatou fúnra rẹ̀ kò rí Ìyá Àgbà rí. Orí fóònù ni wọ́n ti mọ ara wọn. Ìyá náà a máa ki í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, a máa bi í bó ṣe jí, bó ṣe sùn, irú ọkọ tó ń wò lójú. Gbogbo rẹ̀ ni Ganiatou ń gbọ́ yékéyéké. Èsì ni kì í rí fọ̀. Ilé ìwé Faransé ló lọ, Faransé ló fi ń ronú, Yorùbá rẹ̀ sì dà bí ọkọ̀ tó máa ń kú láàrin títì. "Ẹ ṣé, mà" ni yóò sọ, á tún ní "ẹ ṣé, mà". Ìgbà tí fóònù bá ti já tán ni àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ á tó máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dùn ún wọra. Ó ń wù ú kí ìyá náà mọ̀ pé ènìyàn kan wà lẹ́yìn "ẹ ṣé, mà" yẹn, ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ láìrí i. Ìdí nìyí tó fi mú fídíò yìí bí ẹni mú ẹ̀mí. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè gbé, àwòrán ni yóò bá a gbé e.

Nítorí náà kò gbà kí ẹ̀rọ yan ohunkóhun fún un. Ó yá kámẹ́rà tó dára jù lọ lọ́wọ́ Jean-Marc. Ó pa gbogbo ibi tí wọ́n kọ automatique sí, torí kámẹ́rà tí a bá fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀, agbádá funfun ló kọ́kọ́ máa ń wò kó tó wo ènìyàn. Yóò ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú aláwọ̀ dúdú á sì di èédú. Ó fi bébà funfun kọ́ kámẹ́rà náà ní ohun tó ń jẹ́ funfun. Ó jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì máa sáré ní ìwọ̀n tó ń tètè jẹ ẹ́ tán ṣùgbọ́n tí àwòrán rẹ̀ dájú. Ó gbé iná ńlá ka iwájú bàbá gan-an kí òjìji kankan má baà sí lójú rẹ̀. Nígbà tó kó o sínú kọ̀ǹpútà, ó gé ibi tí bàbá ti wúkọ́, ó gé ibi tó ti dákẹ́, ó gé ibi tó ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, ó sì fi orin sí abẹ́ ìyókù. Kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Àwo DVD kò yàtọ̀ sí àpò ìrìn àjò: bí ẹrù bá ti ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ ni wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwòrán tí wọ́n bá sì tẹ̀ jù a máa fọ́ wẹ́wẹ́. Wákàtí kan, ní ìwọ̀n tó ga jù lọ. Bí Jean-Marc ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ó na ọrùn síta, ó pe bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wò ó. C'est fini, mo ti parí ẹ̀."

Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán ni. Ó rọra wọlé, ó fi ọwọ́ kan di itan mú, ó jókòó sórí ibùsùn ọmọ rẹ̀ nítorí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ni ín. Ganiatou tẹ̀ ẹ́. Orin bẹ̀rẹ̀. Bàbá inú àwòrán kí ìyá rẹ̀, ó ṣàdúrà, ó fi ìsọ̀ rẹ̀ hàn án. Bàbá orí ibùsùn ń wò ó. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin mà ni, Bàbá."

"Mo rí agbádá. Agbádá mi ni. Ojú yẹn ńkọ́?"

Ganiatou rẹ́rìn-ín. "Mo tún un ṣe ni. Mo yọ gbogbo ìdọ̀tí ẹ̀ kúrò. Ó ti propre."

"Ìdọ̀tí." Bàbá tún ọ̀rọ̀ náà tọ́ wò. "Ganí, níbo ni ilà mi wà?"

Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo ti inú kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ sì tutù. Àbàjà mẹ́rin mẹ́rin ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá méjèèjì. Tín-ín-rín ni wọ́n, olóòlà tó kọ wọ́n kò tẹ abẹ, ọjọ́ orí sì ti ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ ìhunjọ awọ ara. Láti ọjọ́ tó ti dáyé ló ti ń rí wọn, ó ti rí wọn débi pé kò rí wọn mọ́. Iná tó gbé síwájú ti pa ìdajì wọn, bọ́tìnì tó fà sí ọ̀tún sì gbá ìyókù dànù. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ilà. Ariwo ló kà á sí.

"Ìyá mi kọ́ ló bí eléyìí," ni bàbá wí. Kò gbóhùn sókè. Ìbá sàn fún Ganiatou kó gbé e sókè.

"Òun fúnra ẹ̀ ló di orí mi mú lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́," bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bàbá mi ò sí nílé. Ó ní mo ké títí mo fi sùn lọ sí òun lára. Bí mo bá pè é lórí fóònù nísinsìnyí, á ní ta ni. Mo ní èmi ni. Á ní ohùn àgbàlagbà lòun ń gbọ́, ọmọ tóun bí ò lóhùn báyẹn. Á ní ẹnikẹ́ni lè pe èèyàn lórí fóònù kó lóun lọmọ ẹ̀. Ohùn mi ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, Ganí. Ilà yìí ló kù."

Ganiatou fa bọ́tìnì náà padà sí apá òsì pátápátá. Yanrìn padà wá, ilà náà yọjú díẹ̀ láàrin rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí rẹ̀ búra. Iná rẹ̀ ló fa èyí, kò sì sí bọ́tìnì tó lè mú òjìji tí kò sí níbẹ̀ wá. Ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká tún un yà, Bàbá. Maintenant, báyìí. Kí oòrùn tó lọ."

Lọ́tẹ̀ yìí ó pa iná ńlá náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó gbé àga kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí bàbá jókòó kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ti ẹ̀gbẹ́ bá a lójú. Ó wo inú kámẹ́rà, ẹnu sì yà á. Ilà náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, òjìji tirẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ebè nínú oko nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ó ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ dé ibi tó lè ṣí dé. Kò gbà kó fi agbára ti ara rẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀, torí agbára yẹn gan-an ló ń bí yanrìn. Agbádá funfun ràn jù, ó jẹ́ kó ràn. Ojú ló ń wá.

"Ó ti ń yà, Bàbá."

Bàbá la ẹnu, gbogbo àdúrà tó há sórí fún ti àkọ́kọ́ sì fò lọ. Ó dákẹ́. Lóde, ẹnì kan ń gún fútù, iyán àwọn ará Abidjan, odó ń dún wọlé. Ganiatou fẹ́ dá a dúró, ó sì tún fi í sílẹ̀.

"Ìyá mi," ni bàbá wí nígbẹ̀yìn. "Èmi Àrìmíyàù nìyí. Mo ti darúgbó." Ó wúkọ́. "Ó ń wù mí kí n wálé. Ojoojúmọ́ ló ń wù mí. Bí mo bá jí, ibi tí omi wà nínú ilé yín ni mo máa ń kọ́kọ́ fojú wá, kí n tó rántí ibi tí mo wà."

Ganiatou kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láyé rẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí, kò gbọ́ ọ. Ó di kámẹ́rà mú pinpin kó má baà mì.

Kásẹ́ẹ̀tì tuntun náà ń wọ inú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ nígbà tí Tàǹtí Salimatou dé, ara rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ yàrá sì dín kù. Ó ní òun kàn yà wá wò ó bóyá ẹrù òun ti pé ni. Ojú rẹ̀ kan kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ síwájú.

"Àrìmíyàù nìyí tòun tàbàjà ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, wọ́n bu ẹwà sí yín lára kẹ̀." Ó yíjú sí Ganiatou. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Èmi ni mo máa jókòó ti Ìyá, màá máa sọ ọ́ fún un. Àwọn ọmọ ilé yẹn ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Wọ́n á kàn ní ó dìde, ó jókòó, ó tán."

"Ẹ máa sọ kí ni fún un, Tàǹtí?"

Tàǹtí Salimatou wo bàbá. Bàbá ń wo ilẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún un?" ó bi bàbá léèrè. Ó fa ọwọ́ Ganiatou mọ́ra. "Ojú Ìyá ti lọ, ọmọ mi. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló lọ tán. Ọ̀sán ò yàtọ̀ sí òru fún un mọ́."

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n Ganiatou lénu ní Faransé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà èdè méjèèjì ló kọ̀ ọ́. Ó ronú kan bébà funfun tó fi kọ́ kámẹ́rà, ó ronú kan iná tó rù wá láti ilé iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí kò ní rí i. Inú bí i, ẹkún sì wà nínú ìbínú náà.

"Bàbá, ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀, ẹ wá jẹ́ kí n máa wá qualité, àwòrán tó mọ́, láti àárọ̀."

"Bí mo bá sọ fún ọ, wàá ní kí n gba ohùn sílẹ̀, ó parí," bàbá dáhùn. "Ohùn mi ni ò sì gbà gbọ́. Àwọn tó máa jókòó tì í ló máa wò ó. Bí wọ́n bá rí ojú tó ń dán láìní ilà, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí fún un, ó sì máa ní òun ti mọ̀ pé èmi kọ́ ni. Bí wọ́n bá rí ilà, wọ́n á sọ ọ́ sí i létí." Ó fọwọ́ ra itan. "Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ti ìyá mi, ìròyìn náà ló kù. Mo fẹ́ kí àwọn tó máa ròyìn ríran dáadáa."

Tàǹtí Salimatou ní òun ń bọ̀ wá gba àwo náà lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, ó lọ. Bàbá náà dìde, ó mú kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀, ó rọra jáde.

Ganiatou jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó fi ti tuntun rọ́pò ojú tó ń dán yẹn, ó tẹ fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó di ojú rẹ̀, ó tún la á, ó gbìyànjú láti fojú inú wo yàrá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò dé rí: ìyá kan lórí ẹní, obìnrin kan tó tẹ ẹnu mọ́ ọn létí. Ó ní kí òun kọ́kọ́ ṣe obìnrin náà wò.

"Bàbá wà ní ìsọ̀," ó wí sókè, "ó ń... ó na aṣọ, aṣọ náà..."

Aṣọ ti lọ. Àwòrán ti dé orí ọ̀sà Abidjan, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá. Ó la ẹnu kó sọ ti ọkọ̀, ọkọ̀ náà ti lọ. Báyìí ni gbogbo rẹ̀ rí, ó yá, ó mọ́, ó dùn ún wò, kò sì dúró de ẹnu ẹnikẹ́ni. Ojú tó ń ríran ló gé e fún.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó yọ orin kúrò, nítorí èèyàn méjì kò lè máa sọ̀rọ̀ sí etí kan náà. Ó dá ìdákẹ́jẹ́ bàbá padà, ó dá ikọ́ rẹ̀ padà, ó fi odó fútù sílẹ̀ bó ṣe ń dún. Ibi tó ti fi àwòrán sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó fà á gùn, ó ń fà á, ó ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ sókè bí Tàǹtí yóò ṣe sọ ọ́, kò sì gé e àyàfi ìgbà tó bá sọ ọ́ tán. "Bàbá di àlùmọ́gàjí mú, Ìyá Àgbà. Ó ń gé aṣọ. Aláwọ̀ ewé ni aṣọ náà. Ọwọ́ òsì ló fi di aṣọ mú, ọwọ́ náà ń gbọ̀n díẹ̀." Bó ṣe ń ṣe é lọ, wákàtí kan kún, ó ṣàn kọjá. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ ní pupa pé àwo náà kò ní gbà á ní ìwọ̀n tó ga jù lọ.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ ìwọ̀n náà kalẹ̀ díẹ̀, ó sì wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá. Ilà ṣì wà. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ewé igi inú àgbàlá di àbààwọ́n, ilà ṣì wà. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ilà kan wọ inú èkejì, ó sì yára dá a padà. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí Jean-Marc bá rí ògiri yẹn, yóò bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ibi tó gbẹ̀yìn ni ibi tí bàbá ti yíjú sí kámẹ́rà, tí ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀kùn fi ẹ̀gbẹ́ bá a. Ganiatou ń sọ ọ́ lọ, ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí oòrùn ti wà lókè, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàkíyèsí pé òun kò tíì wá ọ̀rọ̀ kankan tì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá lẹ́nu ọ̀nà, tó ti ìrun dé, tó dúró níbẹ̀ tí kò wọlé. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ó ti yíjú sí yín, Ìyá Àgbà," ó wí. "Ẹ gbé ọwọ́ yín wá, ẹ fi kan ilà ẹ̀. Ọ̀kan."

Ó fi ìka tirẹ̀ kan ilà òkè lórí gíláàsì, ó dúró, bí ìka àgbàlagbà yóò ṣe pẹ́ tó kó tó sún sísàlẹ̀.

"Èjì."

Ó tún dúró. Ó fa àwòrán náà gùn sí i.